Ọkọ̀ Tí Kì í Ṣàìsàn Lójú Stéphane

Bí Nasirou bá ń tún ìjánu ọkọ̀ ṣe, orin ló máa ń kọ. Kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ dùn o. Ohùn rẹ̀ ha bí ilẹ̀kùn onírin tí kò rí òróró láti ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti kúrò ní Kétu, tó wá jókòó sí Gounghin nílùú Ouaga, lẹ́bàá títì tó lọ sí Bobo, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé, kò tíì sí ìjánu kan tó fi ẹnu dídákẹ́ tún ṣe. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ láti bá a tẹ pẹ́dà gbọ́dọ̀ mọ orin náà, torí orin ló ń sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ àti ìgbà tí ẹsẹ̀ máa dúró:

Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, rọra tẹ̀ ẹ́,
Dì í mú!
Afẹ́fẹ́, àlejò ni ọ́ níbẹ̀ yẹn,
Òróró ló nilé, ìwọ máa lọ,
Tú u sílẹ̀!

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Mariama tó ń ta zoom-koom lábẹ́ igi dóńgóyárò ní òdìkejì, ìyẹn omi ìyẹ̀fun jéró tí wọ́n fi atalẹ̀ sí, máa ń gbe orin náà láti orí àpótí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Mossi pọ́ńbélé ni, kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ nínú èdè Nàgó.

Ní àárọ̀ Sátidé yìí, Nasirou kò kọrin. Ó jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó di ọwọ́ méjèèjì sí orúnkún, ó ń wo ọkọ̀ funfun tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí ọkọ̀ náà la ẹnu.

Ọkọ̀ Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ni, ìyàwó Félix àbúrò rẹ̀. Félix ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń wálé, nítorí náà ìyàwó ló ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ méje ló ń kó láràárọ̀ láti Samandin lọ sí ilé-ìwé kékeré tí Màdáàmù Monique dá sílẹ̀ ní Zone du Bois, bí wọ́n bá sì jáde, á kó wọn padà sílé. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Nasirou ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè àti bí wọ́n ṣe ń tú táyà. Ó máa ń fi í yangàn fún àwọn oníbàárà rẹ̀: “Ìyàwó wa yẹn? Kí ẹ tó mu zoom-koom kan tán, ó ti pààrọ̀ táyà.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní Ọjọ́bọ̀, bí Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ṣe ń dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé láti wá kó àwọn ọmọ, moto kan já gba iwájú rẹ̀. Ó tẹ ìjánu. Pẹ́dà náà gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ kò tètè dúró, ó ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ lọ, ó ku ìwọ̀n apá kan ṣoṣo kó kan géètì kó tó dúró. Màdáàmù Monique fúnra rẹ̀ ló dúró sí géètì náà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nígbà tó wo inú ọkọ̀, ó rí iná kan níwájú sítíà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, wọ́n kọ ABS sí i lára.

Màdáàmù Monique kò pariwo. Ó ní kí àwọn òbí máa bọ̀ wá kó ọmọ wọn fúnra wọn. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun á wá wo ọkọ̀ náà níwájú mekaníìkì tó bá tún un ṣe. Bí iná yẹn bá ṣì ń tàn, ẹlòmíràn ni yóò máa kó àwọn ọmọ náà láti ọjọ́ Ajé, ọkùnrin kan tó ní bọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn tipẹ́.

Aago mẹ́wàá ti lù lọ́jọ́ Sátidé báyìí. Iná náà ṣì ń tàn.

Èyí tó da Nasirou lọ́kàn rú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé iná náà kì í tàn níbòmíràn. Stéphane, ọmọkùnrin kan tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe nítòsí ilé-ìwé yẹn, ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kọ́kọ́ gbé e fún ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Stéphane fi ẹ̀rọ rẹ̀ wò ó, ẹ̀rọ náà dárúkọ ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ṣùgbọ́n nígbà tó wà á káàkiri, ó ní kò sí nǹkan kan. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ gbé e wá fún Nasirou láàárọ̀ Jímọ̀. Kò tíì wà á dé ìdajì ọ̀nà tí iná fi tàn. Nasirou tú ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ó pààrọ̀ ohun tó rò pé ó bàjẹ́, iná ṣì tàn. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ padà sọ́dọ̀ Stéphane ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Stéphane ní ara ọkọ̀ le koko. Ó tún padà sí Gounghin láàárọ̀ òní, ọkọ̀ tún dùbúlẹ̀ àìsàn.

“Ọkọ mi àgbà,” Ọ̀ṣunfúnkẹ́ pè é. Bẹ́ẹ̀ ló ń pe Nasirou, ìyàwó ilé kì í fi orúkọ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín.”

“Mi ò mu omi. Ìwọ sọ fún mi, nígbà tó o fi wà lọ́dọ̀ Stéphane lánàá, iná yìí kò tàn rárá?”

“Kò tàn.”

“Kò ṣẹ́jú pẹ́ẹ́?”

“Kò ṣẹ́jú.”

“Nígbà tó o ń ti ilé bọ̀ níbí láàárọ̀ ńkọ́?”

“Ìgbà tí mo dé ibi tí títì ti fẹ̀ ló tàn.”

Nasirou fi ọwọ́ nu ojú. Oòrùn oṣù kárùn-ún ti ń gbóná lórí páànù. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ní bóyá aago ọwọ́ òun ni. Ó ti gbọ́ rí pé nǹkan irin lè da wáyà láàmú. Ó bọ́ aago, ó yọ òrùka bàbà ìka rẹ̀, ó kó fóònù jáde, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú igbá kékeré kan fún Mariama. Ó wa ọkọ̀ lọ, ó wà á bọ̀. Iná tàn.

Mariama ti ń rẹ́rìn-ín. Ó fi Mooré, èdè àwọn Mossi, bá a sọ̀rọ̀ pé, “Nasirou, bọ́ ṣòkòtò náà kún un, bóyá bọ́tìnì rẹ̀ ni!”

“Mariama, fi mí sílẹ̀.”

“Ọkọ̀ yìí ló yẹ kó fi ọ́ sílẹ̀. Kò fẹ́ràn rẹ. Wò ó bó ṣe ń fi ojú pupa wò ọ́.”

Nasirou ní kí Ọ̀ṣunfúnkẹ́ nìkan wà á lọ, kí òun má tilẹ̀ fara kàn án. Obìnrin náà wà á lọ, ó wà á bọ̀. Iná tàn. Ọkàn Nasirou balẹ̀ díẹ̀ pé kì í ṣe ara òun ló ń da ọkọ̀ láàmú. Ó tún rò ó, ọkàn rẹ̀ tún dàrú. Bí kì í bá ṣe òun, ṣé Gounghin ni? Ṣé títì ibí yìí ni kò bá ọkọ̀ náà lára mu? Ó dìde, ó rìn yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, orin tí kò rí kọ láti òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra rẹ̀:

Ó dé Zone du Bois, ara rẹ̀ le,
Ó dé Gounghin, ó dùbúlẹ̀.
Ọkọ̀ funfun, kí ni mo ṣe ọ́?
Sọ ọ́ jáde kí n bẹ̀ ọ́.

Mariama gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó fi síbí lu igbá sí i, “Kí ni mo ṣe ọ́, kí ni mo ṣe ọ́,” Ọ̀ṣunfúnkẹ́ tí ojú rẹ̀ ti pọ́n láti àárọ̀ sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nasirou gba fóònù rẹ̀ padà, ó pe Stéphane.

“Allô, tonton,” Stéphane wí, bí ọmọ ṣe ń pe àgbà ní Faransé.

“Stéphane, kí lo ṣe sí ọkọ̀ ìyàwó wa?”

“Mi ò ṣe nǹkan kan sí i, tonton. Ó dáa ni. Mo wà á dé etí omi barrage, mo padà. Rien du tout, kò sí rárá.”

“Iná ń tàn níwájú mi báyìí!”

“Tonton, ẹ dákun, ẹ má bínú o. Ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe iná epo?”

“Ìwọ ọmọ yìí! Mo ti ń tún ìjánu ṣe kí bàbá rẹ tó mọ ilé ìyá rẹ! Iná epo! Wá síbí kó o wá fi iná epo hàn mí!”

“Pardon, tonton. D'accord. Mò ń bọ̀.”

Kò tó ìdajì wákàtí tí moto Stéphane fi wọ àgbàlá. Ọmọkùnrin tín-ín-rín ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ìyá rẹ̀ Mossi, Ouaga ni wọ́n bí i sí, Faransé ló sì máa ń sáré wá sí i lẹ́nu. Ó gbé fàlíìsì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Fàlíìsì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ẹ̀rọ kékeré ni, kò ju fóònù ńlá lọ, ó ní wáyà. Wọ́n á ki wáyà náà sábẹ́ sítíà, ọkọ̀ á sì kọ ohun tó ń dùn ún sójú gíláàsì rẹ̀.

Stéphane wo iná náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún un wò. Ó fi ọwọ́ họ orí.

“Iná ABS ni, tonton.”

“Ẹ ṣé o, ọ̀jọ̀gbọ́n.”

“Ṣùgbọ́n lánàá…”

“Lánàá! Gbogbo ayé ló ń sọ lánàá fún mi. Ki wáyà rẹ bọ̀ ọ́.”

Gíláàsì náà sọ ohun kan náà tó ti sọ ní Ọjọ́bọ̀: ìròyìn ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú kò bá ti àwọn yòókù mu. Nasirou mọ ìyẹn. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ABS tó dé, nígbà tó dé, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó sì gbọ́ ọ yé. Ojú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kápútẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ó ń ka bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń yí, ó ń ròyìn fún ẹ̀rọ ABS. Bí èèyàn bá tẹ ìjánu lójijì, tí ẹsẹ̀ kan fẹ́ dì pa kó máa wọ́ nílẹ̀, ABS á tú u sílẹ̀ díẹ̀, á mú un, á tú u, á mú un, kí ọkọ̀ má bàa yọ̀. Ohun rere ni nígbà òjò. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn ẹsẹ̀ mẹ́rin kò bá dọ́gba, ABS á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èyí tí kò yẹ kó tú, pẹ́dà á máa gbọ̀n, tó bá sú u, á pa ara rẹ̀, á tan iná.

“Ẹ jẹ́ ká wà á lọ,” ni Stéphane wí, “kí n wo ìròyìn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe ń wọlé.”

Nasirou jókòó sídìí sítíà, Stéphane jókòó tì í, Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ojú títì gbọnrangandan, Stéphane bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

“Trente, trente, trente… trente-deux.”

“Ẹsẹ̀ wo ni ọgbọ̀n ó lé méjì?”

“Avant droit. Ọ̀tún iwájú. Kápútẹ̀ yẹn ń purọ́, tonton.”

“Tuntun ni! Èmi ni mo fi í síbẹ̀ lánàá.”

“Tuntun náà lè purọ́.”

“Èyí àtijọ́ ní ẹsẹ̀ yẹn kò bá àwọn yòókù mu. Èyí tuntun ní kò bá wọn mu. Irọ́ kan náà làwọn méjèèjì ń pa? Níbo ni wọ́n ti pàdé tí wọ́n fi ẹnu kò?”

Wọ́n wakọ̀ padà sí àgbàlá. Nasirou pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ó di sítíà mú, ó ń wo iwájú.

“Stéphane. Bí kò bá purọ́ ńkọ́?”

“Báwo, tonton?”

“Bí òótọ́ ló ń sọ. Pé ẹsẹ̀ yẹn ń sáré ju àwọn yòókù lọ.”

“Lára ọkọ̀ kan náà? Lójú títì kan náà?” Stéphane rẹ́rìn-ín. “Ce n'est pas possible, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àfi tó bá fẹ́ dá nìkan dé ilé.”

Nasirou sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí irin jáde. Ó fa ìlà funfun kan sí ìsàlẹ̀ táyà ọ̀tún iwájú, ní ibi tó ti kan ilẹ̀, ó fa irú rẹ̀ sí ti òsì. Ó ní kí Ọ̀ṣunfúnkẹ́ máa wa ọkọ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù, òun á máa rìn lápá ọ̀tún, Stéphane lápá òsì. Ìgbàkígbà tí ìlà funfun bá tún kan ilẹ̀, kí kálukú ka tirẹ̀ sókè.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nasirou ń kọ ọ́ lórin, “Ó di kan, ó yí, ó di méjì, ó yí,” Stéphane ń kà á ní Faransé lápá kejì, Mariama ń fi síbí lu igbá. Bí Nasirou ṣe ní “Ó di mẹ́wàá,” tí ọkọ̀ tún sún síwájú, tí ìlà rẹ̀ tilẹ̀ ti gòkè dé orí táyà, ìgbà náà ni Stéphane ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo “Dix!”

“O ń kà á díẹ̀díẹ̀,” Nasirou wí.

“Ẹ̀yin lẹ ń fi orin sáré, tonton!”

Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Nasirou lọ sí òsì, Stéphane wá sí ọ̀tún. Wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí Stéphane ló kọ́kọ́ dé mẹ́wàá, ìlà rẹ̀ sì ti gòkè kí Nasirou tó parí tirẹ̀. Ọmọkùnrin náà dúró, ó ń wo ìlà náà.

“Ó ń sáré lóòótọ́,” ló wí.

Ohun tó bá kéré ló gbọ́dọ̀ yí púpọ̀ kó tó bá èyí tó tóbi rìn pọ̀. Nasirou kúnlẹ̀, ó fi aṣọ nu eruku kúrò lára táyà òsì, ó ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ó fà lọ sí ọ̀tún, ó nu ìyẹn náà. Mẹ́rìnlá wà lára méjèèjì, ìyẹn nọ́ńbà ihò àárín tí irin ń wọ̀. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni ojú Nasirou máa ń wá láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, torí bí mẹ́rìnlá bá bá mẹ́rìnlá pàdé, táyà á wọlé. Ṣùgbọ́n ṣáájú mẹ́rìnlá yẹn nọ́ńbà mìíràn wà, tó ń sọ bí ara táyà ṣe ga tó. Àádọ́rin ni ti òsì. Ọgọ́ta ni ti ọ̀tún.

Ó dì mọ́ táyà náà, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó mọ táyà yìí. Òun ló rà á. Ní oṣù kìíní, nígbà tí Ọ̀ṣunfúnkẹ́ gba ìwé ìwakọ̀, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ, òun ló fún un ní táyà tuntun kan tòun ti irin àárín rẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é sí ọ̀tún iwájú, tó ní, “Ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ nìyí.”

“Kò lè jẹ́ òun,” Nasirou wí. “Láti oṣù kìíní ló ti wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Oṣù márùn-ún! Kí ló dé tí iná kò fi tàn láti ìgbà náà? Kí ló dé tí kò fi tàn lọ́dọ̀ ìwọ Stéphane?”

Stéphane ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka pa nǹkan lára táyà náà. “Tonton, ẹ wò ó. Irun ṣì wà lára rẹ̀.”

Lóòótọ́ ni. Irun rọ́bà wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lára táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé iṣẹ́, tí kì í pẹ́ já dànù, ó ṣì dúró ṣánṣán lára eléyìí bí irun ojú.

“Ó ń ti Samandin lọ sí Zone du Bois lójoojúmọ́ fún oṣù márùn-ún,” Nasirou wí, “irun ṣì wà?”

Àwọn méjèèjì gbójú sókè pọ̀. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀ nínú eruku pupa.

“Ọkọ mi àgbà, ẹ má bínú sí mi.”

“Dìde nílẹ̀. Kí lo ṣe?”

“Ẹ̀bùn yín ni. Tuntun ni. Ọ̀nà Samandin yẹn kún fún òkúta, mi ò lè máa fi ẹ̀bùn yín gbá òkúta lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá fún èèyàn láṣọ, ṣebí ìgbà tó bá ń lọ kí ẹni tó fún un ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń gbé, mo fi aṣọ wé e. Ìgbà tí mo bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo máa ń wọ̀ ọ́ fún ọkọ̀, kí ojú yín lè rí i pé mo mọ rírì rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, nítòsí ibí ni mo ti máa ń wọ̀ ọ́, kì í sáré jìnnà kí n tó bọ́ ọ; láti àná ni mo ti ń wọ̀ ọ́ láti ilé, torí ìkánjú. Tí mo bá ti kúrò níbí, mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo máa ń bọ́ ọ, mo máa ń fi èyí àtijọ́ sí i.”

“Nígbàkígbà?”

“Nígbàkígbà, ọkọ mi àgbà. Kì í pẹ́ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

“Ní Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Géètì Màdáàmù?”

“Òtútù ń mú yín lọ́jọ́ yẹn, mo wá kí yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró jẹun. Ìgbà tí mo wo aago, àwọn ọmọ ti fẹ́ jáde. Mi ò ráyè bọ́ ọ.”

Stéphane rẹ́rìn-ín títí tó fi lọ fara ti igi dóńgóyárò. Ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Mooré fún Mariama díẹ̀díẹ̀, bó bá ti sọ gbólóhùn kan, àwọn méjèèjì á tún bẹ̀rẹ̀. “Ọkọ̀ náà ní bàtà Jímọ̀!” Mariama ń pariwo. “Ó ní bàtà Jímọ̀!”

Nasirou kò mọ èyí tí òun á ṣe. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó fẹ́ bínú, kò rí ẹni tó máa bínú sí. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan lè fi aṣọ wé ẹ̀bùn òun fún oṣù márùn-ún. Ó tún rántí géètì, ó rántí ọmọ méje tó dúró lẹ́yìn géètì. Òun ló rà á. Òun ló dè é. Òun tí wọ́n ń tìtorí ìjánu wá bá láti Bobo.

“Lọ mú táyà àtijọ́ wá,” ló wí jẹ́jẹ́.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lójú wọn. Stéphane pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́ nínú ẹ̀rọ ABS. Wọ́n wà á lọ, wọ́n wà á bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Trente, trente, trente, trente. Iná kò tàn.

Ní aago mẹ́rin géérégé, Màdáàmù Monique dé. Obìnrin gíga ni, gíláàsì wà lójú rẹ̀, bàbá rẹ̀ ọmọ Ṣakí ló fi Yorùbá sí i lẹ́nu kó tó kú. Ó kí gbogbo wọn, ó wo iwájú sítíà. Kò sí iná. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú náà, kò sí iná,” ló wí. “Kí ló ṣe é? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Bí ẹ ò bá mọ ohun tó ṣe é, mi ò lè kó ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀.”

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ti yára bọ́ síwájú. “Màdáàmù, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo fi táyà tí kò bá a mu…”

Nasirou mọ ibi tó ń lọ. Obìnrin náà fẹ́ ru ẹrù náà kúrò lórí Nasirou, kí orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá jẹ́ kó parí gbólóhùn yẹn, Màdáàmù á gbọ́ pé ẹni tó ń kó àwọn ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ra táyà burúkú sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

“Ó tó, ìyàwó wa,” ló wí. “Màdáàmù, kò mọ̀. Èmi ni mo ra táyà náà. Èmi ni mo fún un, èmi ni mo sì dè é sí i. Ó kéré sí àwọn yòókù. Nọ́ńbà méjì ló yẹ kí n wò, ẹyọ kan ni mo wò. Táyà yẹn ló da ìjánu rú ní Ọjọ́bọ̀.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ìjánu ṣe?”

“Èmi.”

“Àti ẹ̀yin ni wọ́n tún gbé e wá fún kí ẹ wá ohun tó ṣe é?”

“Èmi náà ni. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wá ara mi.”

Mariama kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí ojú Nasirou, ó gbé síbí sílẹ̀. Màdáàmù Monique ní kí wọ́n fi táyà náà han òun. Stéphane gbé e wá, ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà méjèèjì. Obìnrin náà bọ́ gíláàsì, ó wò ó, ó tún gíláàsì wọ̀. Ó na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Ó jókòó sídìí sítíà, ó lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ó yí padà, ó sáré bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó sì tẹ ìjánu lójijì. Eruku gòkè. Ọkọ̀ dúró gbọnyin, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ. “Bon. Ohun tí mo lè ṣe nìyí: màá pe àwọn òbí níkọ̀ọ̀kan, màá sọ fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi, láìyọ nǹkan kan. Àwọn ló lọmọ.”

Abẹ́ páànù ló ti pè wọ́n. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kò lè jókòó. Ẹni àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú fóònù, ó gbà. Ẹnì kejì béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó gbà. Ẹni kẹta ti ń gbé ọmọ lórí moto láti àná, ó ní kí Ọlọ́run bù kún wọn. Báyìí ló ń lọ títí tó fi dé orí ẹni keje. Èyí kò pẹ́ rárá.

“Ìyá Ismaël kò gbà,” Màdáàmù Monique wí. “Ó ní òun á wá ẹlòmíràn. Mẹ́fà ló kù fún yín. Lundi, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ má pẹ́.”

“Mi ò ní pẹ́, Màdáàmù. Barka. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.”

Nígbà tó lọ tán, Ọ̀ṣunfúnkẹ́ fi etí aṣọ nu ojú, ó sì mú kọ́kọ́rọ́. Ó ní òun mọ ilé Ismaël, òun ń lọ síbẹ̀ nísinsìnyí kí ilẹ̀ tó ṣú. Nasirou ti ń fọ ọwọ́ nínú ike omi. Kò béèrè nǹkan kan, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó jókòó.

“Ọkọ mi àgbà, ẹ dákun, obìnrin yẹn le. Kò sì gbọ́ Yorùbá, Faransé nìkan ló ń sọ.”

“Nítorí náà ni kó o kọ́ mi lọ́nà. Mooré ni mo fi ń ṣiṣẹ́, Faransé mi kò ju nọ́ńbà lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé èmi ni mo fà á?”

“C'est moi, madame.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Táyà mi ni, ńkọ́?”

“C'est mon pneu.”

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ṣí ọkọ̀. Wọ́n jáde sójú títì láàárín àwọn moto, wọ́n yà sí ọ̀nà Samandin, Nasirou di ọwọ́ mọ́ orúnkún, ó ń tún un wí lábẹ́lẹ̀: “C'est moi, madame. C'est mon pneu. C'est moi, madame.”